Ọṣẹ Tí Kò Hó

Ọkùnrin kan wà tó fi ọgbọ̀n ọdún gbáko yọjú wo inú àmù omi olómi. Wolé-wolé ni. Bó bá wọ agbolé kan láàárọ̀, kò ní dúró gba àga, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà lọ tààrà. Yóò ṣí ọmọrí àmù, yóò tẹ̀ ba, yóò wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá rí tanwíjí kan ṣoṣo níbẹ̀, onílé náà ti dáràn. Bí omi bá sì mọ́, tí kò sí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀, á da ọmọrí padà, á ní omi dáa, á máa bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yẹn mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá gbé omi fún un nílé àna rẹ̀ pàápàá, ó ní láti gbé ife sókè sójú oòrùn kó tó mu ún. Àna rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í bínú sí i.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí àdúgbò tuntun kan lẹ́yìn ìlú. Àwọn àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ń pè é ní Oko Ẹfun. Orúkọ yẹn kò wu àwọn onílé. Wọ́n ní ó jọ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètùtù, wọ́n sọ ọ́ di Ìtẹ́lọ́rùn, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi wolé-wolé ṣe alága ẹgbẹ́ onílé. Ta ni wọn ì bá tún fi ṣe? Ó mọ òfin, ó mọ ìmọ́tótó, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé òpin títì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi délẹ̀, òun ló síwájú. Ó ti ilé dé ilé títí gbogbo wọn fi gbà láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, tí eruku funfun ń bò ó lórí. Nígbà tí wọ́n fa omi wọ ilé kọ̀ọ̀kan tán, ó bu ife kan níwájú gbogbo èèyàn, ó gbé e sójú oòrùn. Omi náà mọ́ gaara. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo fi orúkọ mi dúró fún omi yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju bó ti rí lọ́jọ́ tó gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ṣe òfin kan. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé dúrọ́ọ̀mù síbi tí omi ti ń ṣàn bọ́ láti orí páànù mọ́. Dúrọ́ọ̀mù omi òjò ni tanwíjí ń gbé, tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ohun tó sọ kò burú, mi ò sì dá a lẹ́bi. Àwọn èèyàn dojú dúrọ́ọ̀mù wọn délẹ̀, àwọn kan da iyẹ̀pẹ̀ sínú tiwọn, wọ́n fi gbin ata. Láti ìgbà náà, omi kan ṣoṣo ni Ìtẹ́lọ́rùn ní. Òun ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n ń wẹ̀, òun ni wọ́n fi ń sebẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń fọṣọ. Kò sí omi mìíràn tí wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin yìí ní aya. Àyọ̀ká ni wọ́n ń kì í nílé wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ìyẹn. Á jó èèpo kòkó títí yóò fi di eérú, á da eérú sínú ìkòkò tó nídìí lílu, á rọra máa da omi lé e lórí kó lè máa kán sísàlẹ̀. Omi eérú yìí ló ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi dì. Nílùú tí wọ́n ti ń bọ̀, àwọn obìnrin máa ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sọ ọṣẹ kalẹ̀. Wọ́n ní bí ọṣẹ rẹ̀ bá kan omi báyìí, ńṣe ló ń hó bí ẹmu àárọ̀. Ọṣẹ yẹn wà lára ohun tí tọkọtaya náà fi tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó gbàgbé.

Ní Ìtẹ́lọ́rùn, ọṣẹ kọ̀, kò hó. Obìnrin á rà á lọ sílé, á fi ra aṣọ títí apá yóò fi máa ro ó. Dípò kí ọṣẹ hó, ohun kan á máa léfòó lójú omi bí wàrà tó ti dì. Aṣọ funfun á wá ní àwọ̀ eérú. Bó bá gbẹ tán, á le gbagidi lórí okùn.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ilé kejì sí ti alága. Ó fẹ́ràn kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ máa funfun báláú. Òun ló kọ́kọ́ dá ọṣẹ padà. Ó ti fi ọ̀bẹ gé igun kan lára kókó ọṣẹ náà, ó ń wò ó bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ọṣẹ yìí kọ́ ni wọ́n ròyìn fún mi. Ẹ wo ọrùn aṣọ mi."

Àyọ̀ká wo ọrùn aṣọ. Ó gba kókó ọṣẹ náà, ó mú òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè fún un dípò. Ìyẹn náà kò hó. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ilé mọ́kànlá ti dá ọṣẹ padà, àwọn èèyàn sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń fi amọ̀ lú ọṣẹ. Wọ́n ní ohun funfun tó ń léfòó yẹn, amọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín, kì í ṣe ọṣẹ nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀wà ò jinná bọ̀rọ̀ ní Ìtẹ́lọ́rùn. Wọ́n ní ìyá ẹlẹ́wà tó ń kiri ló ń ta ẹ̀wà èṣí fún àwọn. Inú kẹ́tùlù ń yí funfun, èèpá ń so mọ́ ọn. Wọ́n ní ayédèrú kẹ́tùlù ni wọ́n ń kó wọ̀lú. Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́nu géètì ti gba èébú títí, ó ti palẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ni wọ́n fẹ̀sùn kàn ládùúgbò náà. Omi nìkan ni wọn ò fura sí, nítorí omi mọ́, alága sì ti fi orúkọ rẹ̀ dúró fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àyọ̀ká dúró ti ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Bàbá Mojírádé, omi yìí ni mò ń fura sí."

"Omi wo?"

"Omi ẹ̀rọ wa. Ẹ jẹ́ kí n gbe omi òjò díẹ̀, kí n fi dán ọṣẹ wò."

Ọkùnrin náà da òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Kí alága ṣòfin tán, kí aya alága gbé dúrọ́ọ̀mù síta? Omi là ń bu wẹ̀, omi là ń bu mu, a kì í bá omi ṣọ̀tá. Omi tí mo fi ojú ara mi yẹ̀ wò ni o fẹ́ máa bá jà? Ọwọ́ rẹ ni kí o lọ yẹ̀ wò."

Àyọ̀ká palẹ̀ àwo mọ́, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ rẹ̀ bá bi í ní nǹkan, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ló ń gbọ́. Ọkùnrin náà rò pé òun ti borí ni, nítorí ilé dákẹ́.

Nígbà tí ẹ̀sùn pọ̀, ẹgbẹ́ onílé ní àwọn yóò ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Akọ̀wé ti kọ ìwé kan sílẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀ pé Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò gbọdọ̀ tajà lẹ́nu géètì mọ́ nítorí pé ọjà rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Alága ni yóò kà á. Ó dun ọkùnrin náà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó ro ó, ó ní bí òun bá kọ̀, wọ́n á ní òun ń gbè lẹ́yìn aya òun. Ó sọ fún Àyọ̀ká lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ó má bàa gbọ́ ọ lójú agbo.

Àyọ̀ká gbọ́ ọ títí dópin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bẹ́ẹ bá ka ìwé yẹn, ẹ̀yin náà lẹ fi ẹnu yín sọ pé olè ni mí. Mi ò lè máa gbé ibi tí ọkọ mi ti pè mí lólè. Màá kó ìkòkò mi, màá padà sílùú tí ọṣẹ mi ti ń hó." Kò gbé ohùn sókè. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọkọ rẹ̀.

Bí àgbà bá ń bẹ̀rù, ìbínú ló sábà máa ń fi bò ó. Ọkùnrin náà bínú. Ó ní òun á lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin lábúlé, kó wá bá òun bá obìnrin yìí wí kó má bàa fọ́ ilé. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Àyọ̀ká bá a di báàgì gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ọdún tó ti ń fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà kò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé e, ó lọ.

Kò tíì jókòó tán nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Àlàmú, eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ. Lọ wẹ̀ ná, kí o jẹun. Bó o bá jẹun tán, kí o wá fẹjọ́ ìyàwó rẹ sùn."

Ó mú garawa, ó lọ síbi tánkì tí wọ́n mọ sí ẹ̀yìn ilé. Omi òjò ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi àwọ̀n bò ó lẹ́nu. Ó ṣí i, ó wò ó bí ìṣe rẹ̀. Omi náà pọ́n díẹ̀, ewé kan sì wà lójú rẹ̀. Ó yọ ṣùtì sí i. Lójú tirẹ̀, omi yìí kò tó omi Ìtẹ́lọ́rùn rárá. Ó kàn bu ú nítorí pé kò sí òmíràn ni.

Nígbà tó dé balùwẹ̀, ó tú báàgì. Kókó ọṣẹ kan ló bá nínú ewé. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ nítorí pé wọ́n ti gé igun rẹ̀ kan. Ọṣẹ tí Nọ́ọ̀sì dá padà gan-an ni. Ó pòṣé, ó ní àṣé obìnrin yìí tún fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ dé abúlé. Ṣùgbọ́n omi ti kan ara rẹ̀. Ó fi kànìnkànìn ra ọṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sáyà.

Ọṣẹ náà hó. Ó hó lọ́wọ́, ó hó láyà, ó hó ní irùngbọ̀n. Nígbà tó fi kan orí, ìfófó ti ṣàn dé ẹsẹ̀, ó ti kún etí méjèèjì, ọkùnrin náà kò ríran mọ́. Ó da omi lé e, ó tún ń hó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tálẹ̀ wá òkúta ìjókòó, ó jókòó lé e tòun ti ọṣẹ lójú. Ó ń rántí òkèlè tó dà padà sínú àwo. Ó ń rántí pé òun ní kó lọ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ojú tì í. Ìhòòhò ló wà, ṣùgbọ́n ìhòòhò kọ́ ló ń tì í lójú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti ìta pé ṣé kò sí o. Nígbà tó jáde, oúnjẹ ti tutù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á síbi ìjókòó.

"Ó yá, rojọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹjọ́ náà ti yí padà," ó wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi." Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí kànga títí dórí ìwé tí akọ̀wé kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó tìyanutìyanu. "Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà èèyàn. Ìwọ Àlàmú, o ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkankan. Kí lo wá fẹ́ kí n wá sọ fún un?"

"Ẹ má wá mọ́. Ẹ fún mi ní kéègì omi kan."

Lọ́jọ́ kejì ló padà sílé, tó gbé kéègì omi òjò sórí itan nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kó tó dé ilé ni ìròyìn ti kàn án pé Àyọ̀ká ti ń di ẹrù. Ó bá a nínú yàrá, ó ń fi aṣọ di ìkòkò kí wọ́n má bàa fọ́ lọ́nà.

"Àyọ̀ká, mo fi ọṣẹ tí o dì fún mi wẹ̀ lábúlé."

"Ó hó?"

"Ó hó. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ̀bi rẹ̀. Má bínú."

Àyọ̀ká so kókó aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá lẹ ti ń bẹ̀ mí. Ìta gbangba ni wọ́n ti pè mí lólè." Ó fa ìkòkò mìíràn mọ́ra, ó ń dì í.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lára. Ó rọ omi ẹ̀rọ Ìtẹ́lọ́rùn sínú ìgò, ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò omi tó wà láàárín ìlú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó padà wá láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tó padà lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti kọ èsì sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi yín dáa fún mímu. Kò sí kòkòrò àrùn nínú rẹ̀, kò sì ní májèlé. Ó kàn jẹ́ pé òkúta funfun abẹ́ ilẹ̀ ti yọ́ sínú rẹ̀ ni. Omi líle là ń pe irú rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, ó sì máa ń fi èèpá bí ẹfun sínú kẹ́tùlù."

Ọkùnrin náà gbé ìgò omi rẹ̀ sójú oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó mọ́ gaara bó ti mọ́ látijọ́. "Ojú ò wá rí i?"

"Ojú ò lè rí i, bàbá. Ọṣẹ ló ń rí i." Ọ̀dọ́mọbìnrin náà mú bírò. "Kí ni wọ́n ń pe àdúgbò yín?"

"Ìtẹ́lọ́rùn," ó wí. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. "Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní Oko Ẹfun tẹ́lẹ̀."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Àwọn yẹn ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dé."

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ẹgbẹ́ pé. Àyọ̀ká náà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó ti wọ aṣọ ìrìn àjò. Akọ̀wé na ìwé sí alága. Alága gbà á, ó ká a, ó fi í sápò. Ó gbé báfù méjì sórí tábìlì. Ó rọ omi ẹ̀rọ sínú ọ̀kan, ó da omi inú kéègì sínú èkejì. Ó mú kókó ọṣẹ tí wọ́n gé nígun jáde, ó ní kí Nọ́ọ̀sì wá.

"Ṣé ẹ mọ ọṣẹ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gé e."

"Ẹ bá wa fi fọwọ́ nínú omi méjèèjì."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ nínú omi ẹ̀rọ. Wàrà dídì yẹn ló tún yọ. Ó bọ ọwọ́ sínú omi kejì, ọṣẹ náà sì hó títí ìfófó fi bo ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi nǹkan sínú omi kéègì náà.

"Òjò ni," alága wí. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí ọṣẹ hó níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ará, mo fi orúkọ mi dúró fún omi tí mi ò fi nǹkan kan yẹ̀ wò ju ojú lásán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé, orúkọ aya mi ni mo fẹ́ bà jẹ́ kí tèmi má bàa bàjẹ́. Àyọ̀ká kì í lú ọṣẹ. Kò lú u rí láyé rẹ̀. Omi wa le. Ọṣẹ rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún wa láti oṣù mẹ́ta, a sì ń dá ọṣẹ padà. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo yín."

Ìyá ẹlẹ́wà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tigbátigbá lórí, ló kọ́kọ́ lahùn. "Èmi ńkọ́ o? Ta ni yóò bẹ èmi?" Ẹ̀rín sọ. Bí ẹ̀rín ti ń sọ ni Nọ́ọ̀sì ti lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ níwájú Àyọ̀ká tòun ti ọwọ́ tútù.

Àyọ̀ká gbé e dìde. Ó ní kí wọ́n gbé garawa omi ẹ̀rọ kan wá, kí wọ́n sì lọ bá òun mú agolo kan wá nínú ẹrù òun. Omi eérú ló wà nínú agolo náà. Ó da díẹ̀ sínú garawa, ó rò ó pọ̀, omi tó mọ́ gaara náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe funfun lójú gbogbo wọn.

"Ẹ bò ó di ọ̀la. Ohun funfun yìí á rọ̀ sílẹ̀. Ẹ rọra bu ti òkè, kí ẹ fi fọṣọ, ọṣẹ á hó. Ìfọṣọ ni o, kì í ṣe mímu."

Alága wò ó, ẹnu yà á. "Ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Ó ti tó oṣù kan. Omi eérú ta sínú garawa mi lọ́jọ́ tí mò ń sẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Àyọ̀ká wo ọkọ rẹ̀, ó sì wo gbogbo ìjókòó yíká. "Ta ló bi mí?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n yí òfin padà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbe omi òjò, ṣùgbọ́n kó ní ọmọrí àti àwọ̀n, alága ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ yẹn bá a lára mu. Ó ń ti ẹ̀yìn ilé dé ẹ̀yìn ilé bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń gba àga báyìí, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ kó tó wo ohunkóhun. Wọ́n ń rẹ ẹ̀wà sínú omi òjò mọ́jú kí wọ́n tó sè é. Alágbàfọ̀ padà wá. Ní ti Àyọ̀ká, alẹ́ ọjọ́ náà kọ́ ló tú ẹrù. Ó fi ọjọ́ mẹ́jọ wo ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ló tú ìkòkò àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ sì bá a gbé e.

Ó yá, ọ̀gá ilé ìwé, ìtàn mi parí. Ẹ fi ìwé ọwọ́ yín sílẹ̀ lórí tábìlì ná, ká sọ̀rọ̀.

Olùkọ́bìnrin tí ẹ ní kí n bá yín fọwọ́ sí ìwé lílé rẹ̀ yìí, ọdún mẹ́fà ló lò níbi tó ti ń bọ̀. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ sunkún lọ́jọ́ tó kúrò. Sáà méjì péré ló lò lọ́dọ̀ yín, ẹ ní ọ̀lẹ ni, ẹ ní kì í lanu ní ìpàdé, ẹ ní wọ́n purọ́ fún yín nípa rẹ̀ ni. Ẹnu yín náà ni mo ti gbọ́ pé kíláàsì tí kò ní pátákó ìkọ̀wé lẹ fi í sí, pé ọmọ àádọ́rin ló ń kọ́ níbẹ̀, àti pé ẹ ti bá a wí lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn ọmọ náà. Ẹ sọ ìyẹn bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni yín. Wolé-wolé yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, omi rẹ̀ kò sì lè pa ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé yín mọ́, ìwé yín gún régé, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn yín. Mo kàn ń sọ fún yín pé bí ẹni tó ń hó níbòmíràn bá dé ọ̀dọ̀ wa tí kò hó mọ́, ọ̀dọ̀ tiwa ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ó sì dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ yìí ní àtúnṣe, nítorí ẹ kò tíì lé e, òun náà kò sì tíì lọ.

Mi ò ní fọwọ́ sí i lónìí. Lọ́la, kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì yín, ẹ yà sí kíláàsì rẹ̀. Ẹ wá ìjókòó láàárín àwọn ọmọ, kí ẹ sì bi í pé kí ló nílò. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ fún un ní èyí tí agbára yín bá ká, kí ẹ sì fi sáà kan wò ó. Bí sáà bá parí tí ẹ ṣì fẹ́ kó lọ, ẹ gbé ìwé yẹn padà wá, màá fọwọ́ sí i láìbi yín ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ẹ ó gbé e wá.